Bẹ́ ẹ ṣe lè máa ṣọ́ ẹnu odò pẹ̀lú àwọn ọmọ iléèwé

Ẹ̀yin tíṣà tẹ́ ẹ fẹ́ kó ọmọ lọ síbi tí odò ti ń wọ òkun láti máa yẹ omi ibẹ̀ wò, ẹ má tíì sáré ra mẹ́tà olówó ńlá tí wọ́n fi ń wọn omi o. Ìgbà tómi òkun ń kún àtìgbà tó ń fà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Iyọ̀ inú omi odò kì í tó gíráàmù kan nínú lítà kan, ti òkun sì ń lọ bíi 35, tẹ́ ẹ bá wá wọn omi nígbà tó kún lónìí, tẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tó fà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó kàn máa pariwo pé omi ti yí padà, ẹ̀yin gan-an lẹ yí àkókò padà. Ojú kan náà ni kẹ́ ẹ dúró sí, kẹ́ ẹ sì kọ aago sílẹ̀.

Ẹ bu tòkè, ẹ bu tìsàlẹ̀, torí omi iyọ̀ wúwo, abẹ́ ló sábà máa ń gbà wọlé. Ẹ so òkúta mọ́ ìgò, ẹ fi okùn sí ìdérí ẹ̀, tó bá ti kanlẹ̀ kẹ́ ẹ fa ìdérí yọ, ẹ dúró kí atẹ́gùn inú ìgò hó jáde tán, kẹ́ ẹ tó fà á sókè.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bómi ṣe mọ́ tó, ẹ gé páálí ike róbótó tó fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, ẹ kùn ún ní dúdú àti funfun, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn tẹ́ ẹ ti sàmì sí títí ẹ ò fi ní rí i mọ́. Bàbá Secchi ará Ítálì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1865, wọn ò tíì fi sílẹ̀ dòní.

Ọ́síjìn inú omi ló le jù láti wọ̀n. Ewéko inú omi kì í ṣe ọ́síjìn lálẹ́, mímí ni gbogbo wọn kàn ń mí, torí náà kílẹ̀ tó mọ́ ló máa ń kéré jù, tó bá sì lọ sísàlẹ̀ mìlígíráàmù 2 nínú lítà, ẹja á sá tàbí kó kú. Ẹni tó bá ń wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án nìkan á máa rò pé kò séwu! Tí ajílẹ̀ oko bá ń ṣàn wọlé, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra jù.

Ẹ fi ìwé àkọsílẹ̀ yín han àwọn apẹja, ẹ bi wọ́n léèrè, wọ́n á sọ ohun tí mẹ́tà ò lè sọ. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe lórí etíkun lọ́dún 1972 ló jẹ́ kí wọ́n máa ya irú ẹnu odò bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìwádìí àti ẹ̀kọ́, South Slough ní Oregon ni àkọ́kọ́, ní 1974.

Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì o, kẹ́nikẹ́ni má sì wọ inú ẹrẹ̀ tómi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún.