Bí mo ṣe gba lábù físíìsì lọ́wọ́ 9.8

Ní lábù tí mo ń bójú tó l'Óṣogbo níbí, gbogbo ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń gbé 9.8, nọ́ńbà tí ìwé fún bí ayé ṣe ń mú kí ohun tó ń já bọ́ yára sí i, wá fún mi, títí kan àwọn tí aago wọn ò ṣiṣẹ́. Wọ́n ti gbà pé ìwé ló ni ìdáhùn, kí àwọn kàn dé ibẹ̀ ni. Nọ́ńbà tó bá yapa, wọ́n á pa á rẹ́.

Mo bá yọ 9.8 kúrò pátápátá. Òkúta tí a so mọ́ okùn mítà kan, ìbéèrè kan: tí a bá fà á jìnnà kó tó máa fì, ṣé àkókò tí ìfì kan (àlọ àti àbọ̀) ń gbà á yí padà? Ìwé wọn ní kò ní yí. Mo ní kí wọ́n ka ìfì mẹ́wàá, kí wọ́n tún un kà, kí wọ́n kọ bí èsì ṣe ń yàtọ̀ síra sílẹ̀. Àlàyé ló ni máàkì.

Ní dígírì 10, nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 20. Ní 60, ó lé ní 21. Ariwo sọ! "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìwé ń parọ́ ni?" Rárá o, igun kékeré nìkan ni òfin yẹn wà fún. Láti ìgbà náà, àwọn fúnra wọn ló ń ní káwọn tún un wọ̀n.

Òkúta tó wúwo ni kí ẹ lò o; afẹ́fẹ́ á tètè dá èyí tó fúyẹ́ dúró.