Bí A Ṣe Ń Dá Kòkòrò Ẹlẹ́nu Gígùn Mọ̀

Kí ẹ tó ronú oògùn tí ẹ ó fi pa kòkòrò tí ó wọ irè oko yín, ẹ kọ́kọ́ mú ọ̀kan lé orí bébà funfun, kí ẹ sì fi gíláàsì tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo iwájú orí rẹ̀. Bí orí náà bá nà jáde bí ọwọ́jà erin, tí ẹnu tín-ín-rín tí ó fi ń jẹun sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀, ó wà lára àwọn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Curculionoidea, tí ẹ̀yà wọn tí a ti ṣàpèjúwe lé ní 60,000.

Kòkòrò inú ẹ̀wà, Callosobruchus, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà mọ́ wọn, kò ní ẹnu gígùn yìí. Ìbátan àwọn kòkòrò jewéjewé ni. Ara èèpo ẹ̀wà ni ó ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́, níbi tí ojú ti lè rí i. Ti inú àgbàdo kò rí bẹ́ẹ̀: abo rẹ̀ á fi ẹnu gbẹ́ ihò sára hóró, á yé ẹyin kan síbẹ̀, á sì fi oje tí ó ń le dí ojú ihò náà. Nítorí náà, hóró tí ó dán lójú lè ti ní ìdin funfun tí kò lẹ́sẹ̀ nínú, tí ó ká kò, tí ó sì ń jẹ ẹ́ láti inú wá.

Lẹ́yìn ẹnu, ẹ wo ìwo méjèèjì. Bí wọ́n bá ṣẹ́ kọrọ bí ìgúnpá, ẹbí Curculionidae ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí wọ́n bá lọ tààrà, ẹ fura sí Brentidae, níbi tí Cylas inú ànàmọ́ wà, èyí tí ó jọ èèrà gan-an. Oríkèé ìkẹyìn ìwo akọ rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ti abo kúrú, ó sì rí bí ẹyin.

Ní ti Sitophilus tí ń jẹ ọkà, ibi tí ó wà láàárín orí àti ìyẹ́ ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí ihò wẹ́wẹ́ ibẹ̀ bá gùn díẹ̀, Sitophilus granarius ni. Kò lè fò, nítorí náà ọkà tàbí àpò tí a gbé wọlé ni ó bá wọ àká. Bí àwọn ihò náà bá rí roboto, tí àmì pupa rúsúrúsú mẹ́rin sì wà lórí ìyẹ́ líle ẹ̀yìn rẹ̀, Sitophilus zeamais tàbí Sitophilus oryzae ni. Zeamais lè fò wọ inú àgbàdo láti oko kí a tó kórè, gbígbá àká nìkan kò sì ní ká a lọ́wọ́ kò.

Ẹ má ṣe fi ohun tí wọ́n ń jẹ ya àwọn méjì yìí sọ́tọ̀, nítorí àwọn méjèèjì ń jẹ àgbàdo, wọ́n sì ń jẹ ìrẹsì. Ẹ̀yà ìbímọ wọn, tí a ń fi máíkíróskóòpù wò, ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn dájú. Ẹ kó bí i mẹ́wàá sínú ìgò spírítì, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́, ibi àti irè tí ẹ ti rí wọn sórí bébà kékeré, kí ẹ sì fi í sínú ìgò náà kí ẹ tó gbé e lọ fún onímọ̀ kòkòrò.