Bí a ṣe ń dán sọ́fítíwíà wò fún Windows XP àti Windows 7 kí a tó pín in

Ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows XP dúró, wọ́n sì ṣe Windows 7 bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020, àmọ́ kọ̀ǹpútà tó ń lo méjèèjì kò tíì tán nílẹ̀, pàápàá níbi tí kọ̀ǹpútà bá ti ń darí ẹ̀rọ ńlá kan tí àwọn tó ṣe é kò kọ dráífà (ètò tí Windows fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) tuntun fún mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ sọ́fítíwíà fún wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu ibi tí yóò bá wọn dé. Ìmọ̀ràn tèmi ni kí ó má sọ̀ kalẹ̀ kọjá Service Pack 3 (àkójọ àtúnṣe kẹta tí Microsoft ṣe) ti XP àti Service Pack 1 ti Windows 7.

Irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ọ́ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ ètò, Python 3.4 ló kẹ́yìn tó ń ṣiṣẹ́ lórí XP, 3.8 sì ni ti Windows 7. Ní ti Go, 1.10 ni ti XP, 1.20 sì ni ti Windows 7. Ẹni tó ń lo C++ nínú Visual Studio 2017 ní láti yan v141_xp (irinṣẹ́ tó ń ṣe fáìlì tí XP lè ṣí), nítorí bí kò bá yàn án, XP yóò kọ̀ láti ṣí fáìlì náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àléébù nínú ohun tí ó kọ: nọ́ńbà ẹ̀yà Windows tó wà lórí fáìlì náà ló ga ju 5.01 tí XP mọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn iṣẹ́ (function, ohun tí ètò ń pe Windows láti bá a ṣe) tí XP kò ní ló tẹ̀ lé e. Vista, Windows tó tẹ̀ lé XP, ló mú GetTickCount64, tó ń ka iye àkókò tí kọ̀ǹpútà ti wà ní títàn, wọlé; ètò tó bá pè é tààrà yóò kú lórí XP kí ìlà àkọ́kọ́ tí ẹ kọ tó ṣiṣẹ́. Ẹ fi GetProcAddress, iṣẹ́ tó ń wá iṣẹ́ mìíràn nínú Windows, wá a nígbà tí ètò náà bá ti ń ṣiṣẹ́, bí kò bá sì sí níbẹ̀, kí ẹ lo GetTickCount, òun tó máa ń padà sí òdo lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 49.

Fún ìdánwò, ẹ fi XP sínú VirtualBox (ètò tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àfarawé nínú kọ̀ǹpútà yín), kí ẹ sì ya snapshot (ẹ̀dà ipò tó wà) kí ẹ tó fi ohunkóhun kún un, kí ẹ lè máa padà síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ dán nǹkan wò. Kọ̀ǹpútà tí ẹ ti fi fáìlì Visual C++ tí ètò nílò láti ṣiṣẹ́ sí rí kò sọ òtítọ́ mọ́, torí ètò yín yóò bá ohun tí oníbàárà kò ní níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fura sí ni pé CPU (ọpọlọ) kọ̀ǹpútà yín gan-an ni VirtualBox ń lò. Láti Visual Studio 2012 ni SSE2 (àwọn àṣẹ kan tí CPU tuntun mọ̀) ti ń wọ inú ètò láìjẹ́ pé a béèrè fún un, bẹ́ẹ̀ sì ni Pentium III àti Athlon XP kò ní in. Ètò tó ń lọ geere nínú VirtualBox yóò wó lulẹ̀ lórí irú CPU bẹ́ẹ̀. Ẹ fi /arch:IA32, àṣẹ tó ní kí a má lo SSE2, sí i, kí ẹ má sì gbà pé ó ti tó títí ẹ ó fi dán an wò nínú 86Box, èyí tó ń ṣe bíi CPU àtijọ́ fúnra rẹ̀. Èmi fẹ́ràn ojúlówó kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ jù: bí RAM rẹ̀ bá jẹ́ MB 512, tí háàdì díìsìkì rẹ̀ sì ń fà, kò sí bí ètò tó wúwo yóò ṣe fara pa mọ́.

Ní ti pípín, XP fúnra rẹ̀ kò mọ TLS 1.2 (ọ̀nà ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì), nítorí náà Internet Explorer 8 kò lè ṣí ọ̀pọ̀ ojú-ewé òní. Ẹ má jẹ́ kí ètò yín máa wa nǹkan sílẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n bá ń fi sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan, kí ó lè bá fúláàṣì tàbí CD lọ. Fúláàṣì FAT32 kì í gba fáìlì tó bá tó GB 4. Ẹ má lo àmì ohùn nínú orúkọ fáìlì inú ZIP, nítorí ohun tí XP fi ń ṣí i kò mọ UTF-8 (ọ̀nà tí a fi ń kọ lẹ́tà gbogbo èdè sínú fáìlì), “Ìwé Àlàyé” yóò sì di jáganjàgan. Bí ẹ bá fún wọn ní SHA-256 (nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá fáìlì ti yí padà) láti fi yẹ fáìlì wò, àṣẹ certutil -hashfile, tó ń ṣírò rẹ̀, wà lórí Windows 7, àmọ́ XP kì í bá a wá, ẹ ní láti fi irinṣẹ́ kékeré kan kún un.

Bí ètò náà bá ń fi Yorùbá hàn, ẹ wo “ẹ́” dáadáa lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà: kò ní àmì kan ṣoṣo nínú Unicode (àkójọ lẹ́tà gbogbo èdè fún kọ̀ǹpútà), “ẹ” àti àmì ohùn òkè ni a so pọ̀, fọ́ǹtì tí kò bá mọ bí a ṣe ń tò wọ́n yóò sì gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi fọ́ǹtì tó mọ̀ ọ́n bá ètò náà lọ. Nínú ìwé àlàyé, ẹ kọ Service Pack, CPU àti RAM ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ dán an wò lórí rẹ̀, kí ẹ sì yọ èyí tí ẹ kò dán an wò lórí rẹ̀ kúrò.