Bí mo ṣe fa sọ́fè plan ilẹ̀ kan ní Tanke sínú AutoCAD láìsọ mínítì kan nù

Píláà mẹ́rin, òpó kékeré tí sọ́fíyọ̀ rì sí igun ilẹ̀, ló wà lórí plan náà (A, B, C, D), ilẹ̀ kan ní Tanke, Ìlọrin. Mo ti yí coordinate rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí píláà wà) padà díẹ̀ kí ilẹ̀ onílẹ̀ má baà di ohun ìgboro, ṣùgbọ́n bearing (igun tí ìlà fi yà kúrò ní àríwá, ní dígírì àti mínítì) àti gígùn ìlà rẹ̀ nìyí: A sí B, 64°20', mítà 30.48; B sí C, 154°20', mítà 15.24, C sí D, 243°05', mítà 31.10, D padà sí A, 336°32', mítà 15.93. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ á ní "fifty by hundred" ni. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ bàtà 50 ni mítà 15.24, ẹsẹ̀ bàtà 100 sì ni mítà 30.48, ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà méjì tó kù: ilẹ̀ náà ò gún régé. Ohun tó wà lórí plan ni kí ẹ fà.

Kí n tó fa ìlà kankan nínú AutoCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán, mo tẹ UNITS, àṣẹ tí a fi ń ṣètò ìwọ̀n. Ní ti gígùn, mo mú Decimal, 0.000. Ní ti igun, mo mú Deg/Min/Sec, mo sì jẹ́ kí ó máa fi sẹ́kọ́ńdì hàn. Insertion scale, Meters. Lẹ́yìn náà mo fi àmì sí Clockwise, mo tẹ Direction, mo sì mú North. Méjì tó kẹ́yìn yìí ló ń da iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Bí AutoCAD ṣe wà láti ilé iṣẹ́, ìlà oòrùn ló fi ṣe òdo, òdìkejì ọwọ́ agogo ló sì ń gbà ka igun. Àwọn sọ́fíyọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti àríwá, wọ́n sì ń tẹ̀ lé bí ọwọ́ agogo ṣe ń yí. Láìyí ètò yẹn padà, 25°40' ni à bá tẹ̀ fún ìlà A sí B. Ẹni tó bá tẹ 64°20' ti fa ilẹ̀ mìíràn, kò sì ní mọ̀. Àwòrán á padé, gígùn ìlà kọ̀ọ̀kan á pé, ààyè rẹ̀ á ṣì jẹ́ 479.5 mítà níbùú lóòró, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ á ti dojú kọ ibòmíràn bí ohun tí a wò nínú dígí. Ìdí nìyí tí mo fi ń dúró lẹ́yìn ìlà kìíní kí n wò ó: 64° gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìlà oòrùn ju àríwá lọ.

(Ètò yìí kan ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ sórí àwòrán náà. Bí TEXT bá béèrè igun, 90 ni kí ẹ tẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó lè sùn gbọọrọ. 0 á gbé e dúró lóòró.)

Mo pa dynamic input (àpótí nọ́ńbà tó ń tẹ̀ lé àmì asin, ìyẹn mouse) pẹ̀lú F12, nítorí igun tó ń fi hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà kì í kọjá 180, ó sì máa ń da ojú ẹni tó ń ka bearing 243 rú. Mo tẹ LINE, mo fi coordinate A sí i: 677310.450,937845.120. Easting (nọ́ńbà ti ìlà oòrùn, X) ló ṣáájú Northing (ti àríwá, Y). Bí plan bá kọ Northing sókè, ẹ yí wọn padà. Ẹ má fi kọ́mà pín ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, nítorí 677,310.450 lójú AutoCAD, X àti Y ti pé nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo tẹ ìwọ̀nyí; @ ní kí ó máa kà láti ibi tí ìlà tó ṣáájú parí sí, gígùn ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà igun, d sì dúró fún dígírì:

@30.48<64d20'
@15.24<154d20'
@31.10<243d05'
@15.93<336d32'

Bí ẹ bá gbàgbé @, láti 0,0 ni yóò ti máa ka mítà 30.48 yẹn. Zone 31, ọ̀kan lára ẹkùn tí ètò UTM pín ayé sí, ni coordinate Ìlọrin wà, òdo yẹn sì jìnnà sí Tanke ju 1,150 kìlómítà lọ, ìlà yín á sì sá lọ síbẹ̀. Àṣìṣe yẹn dára, ojú ń rí i.

Èyí tí ojú kì í rí ni kí èèyàn fi póńtì rọ́pò dígírì, kí ó tẹ 64.20 nítorí pé 20 ló wà lórí plan. Mínítì 60 ló wà nínú dígírì kan, nítorí náà 64.20 jẹ́ 64°12', mínítì mẹ́jọ ti sọnù. Lórí mítà 30.48, mínítì kan jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 9, torí náà píláà B á kúrò níbi tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 7. Bí ẹ bá fẹ́ lo póńtì dandan, 64.3333 ni.

Ìlà kẹrin ni mo fi dán iṣẹ́ náà wò. N kò tẹ C (àṣẹ Close, kì í ṣe píláà C) láti pa àwòrán náà dé, nítorí C á kàn so D mọ́ A ní igunkígun, á sì bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Bearing D sí A gan-an ni mo tẹ̀, mo wá fi DIST wọn àlàfo láti ìparí rẹ̀ dé A pẹ̀lú osnap Endpoint, èyí tó ń mú ìpẹ̀kun ìlà gan-an. Ó jẹ́ 0.001, mìlímítà kan, èyí tó wá láti inú bí plan ṣe gé nọ́ńbà sí mínítì àti sẹ̀ǹtímítà. Nígbà tí mo fi póńtì rọ́pò dígírì fún ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àlàfo náà di bíi sẹ̀ǹtímítà 6. Lójú, láìsún mọ́ ọn, méjèèjì jọra.

Precision inú UNITS, ohun tí ẹ ó rí nìkan ló ń yí padà. Ìlà fúnra rẹ̀ ń gbé nọ́ńbà bíi 15 tó ṣe kókó. Bí ẹ bá fi precision igun sílẹ̀ ní 0, LIST (àṣẹ tó ń to àlàyé ìlà sílẹ̀) á kọ 64 fún ìlà A sí B, ẹni tó bá sì da 64 yẹn kọ síbòmíràn ti gbé píláà B kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 18. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí gígùn: yàrá márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.048 á fi 3.05 hàn, àròpọ̀ ohun tí wọ́n kọ á jẹ́ 15.25, nígbà tí ògiri gangan jẹ́ 15.24. Bíríkìlà á bèèrè èwo ni kí òun tẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ kí dimension (ìwọ̀n tí a kọ sórí àwòrán) fi 0.000 hàn níbi tí ìyẹn ti lè ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì fi rounding sí 0 nínú dimension style.

Nígbà tí mo fẹ́ gbé ilé onímítà 12 sí ẹ̀gbẹ́ ìlà A sí B, n kò tẹ igun rárá. Mo tẹ ROTATE, àṣẹ tó ń yí nǹkan, mo fọwọ́ kan igun ilé, mo tẹ R (Reference), mo tọ́ka sí ìpẹ̀kun méjèèjì ògiri iwájú, mo tẹ P (Points), mo wá tọ́ka sí A àti B. Igun gan-an ló gbà. Ká ní mo yí ilé náà sí 64 lásán ni, àyè tó yẹ kó wà láàárín ilé àti ààlà á fi sẹ̀ǹtímítà 7 yàtọ̀ láti ìpẹ̀kun kan sí èkejì.

Bearing tí mo kọ sórí ìlà, 64%%d20' ni mo tẹ̀. %%D ló ń di àmì dígírì. Láti inú LIST ni mo ti ń kà á, kì í ṣe láti orí plan, kí ohun tí mo kọ lè jẹ́ ohun tí mo fà.