Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ bébà àárín kí ẹ tó sanwó àwo jáàsì
Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣa àwo jáàsì àtijọ́, yálà ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ tàbí nínú ilé àgbà kan ní Òǹdó, ẹ má fi páálí mọ ojúlówó, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Páálí ṣeé pààrọ̀. Ẹ yọ àwo síta, ẹ dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ sí iná tọ́ọ̀ṣì (ẹ má gbé e sóòrùn o, á ká kò), kí ẹ wo ibi dídán tó yí bébà àárín ká. Tó bá jẹ́ ti Blue Note, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáàsì jáde, ẹ wá RVG, ìyẹn àmì Rudy Van Gelder tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún wọn, àti àmì kékeré kan tó rí bí etí. Plastylite, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo fún Blue Note nígbà náà, ló ni etí yẹn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Blue Note sì parí ní 1966, lẹ́yìn tí Liberty, ilé iṣẹ́ àwo mìíràn, ra Blue Note. RVG nìkan ò tó: ó wà lára àtúntẹ̀ mìíràn.