Ẹ fi kòkòrò sílẹ̀ ná, owó ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé: bí wọ́n ṣe ń ka The Metamorphosis

Ọ̀kun o gbogbo ilé. Àwọn ọmọ wa tó ń ka lítíréṣọ̀ ní Kàbà àti Ìsánlú, tí wọ́n bá ti dé orí ìtàn Franz Kafka yìí, èyí tó jáde lọ́dún 1915, ìbéèrè kan náà ni ṣáá: kí ló sọ Gregor Samsa, ọ̀dọ́kùnrin inú ìtàn náà, di kòkòrò? Kafka ò sọ o, ẹ má fi da ara yín láàmú.

Ẹ mú bébà kan, ẹ fàlà sí i láàárín. Ọwọ́ kan, ẹni tó ń mówó wọlé. Ọwọ́ kejì, ẹni tówó wà níkàáwọ́ ẹ̀. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ owó, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ojú ìwé ẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Gregor fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ ń ta lára ẹ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ ojú irin tó ti fi í sílẹ̀ lọ àti ọ̀gá ẹ̀ ló ń rò! Ó ní tí kì í bá ṣe tàwọn òbí òun ni, òun ì bá ti fiṣẹ́ yẹn sílẹ̀ tipẹ́, ó ṣì ku bí ọdún márùn-ún sí mẹ́fà kóun tó rówó san gbèsè tí wọ́n jẹ ọ̀gá náà. Ẹ dúró níbẹ̀ dáadáa. Bàbá ló jẹ gbèsè, ọmọ ló wá ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Lójú tèmi ìwọ̀fà ni Gregor kó tó di kòkòrò. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe, èlé nìyẹn, ojú owó ṣì wà nílẹ̀ digbí títí wọ́n á fi san án. Ti Gregor sàn díẹ̀ torí ó ń gba owó oṣù tó lè fi dín gbèsè kù, àbí ohun tó rò nìyẹn.

Ẹ wá lọ sí apá kejì ìtàn, ibi tó ń bí mi nínú jù. Bàbá tí Gregor rò pé kò ní kọ́bọ̀ látìgbà tí òwò ẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, òun ló ṣí àpótí, ó ní owó díẹ̀ ṣẹ́ kù, èlé ti gorí ẹ̀, àti pé owó tí Gregor ń mú wá lóṣooṣù, wọn ò ná an tán, wọ́n ń tọ́jú ìyókù. Gregor ń gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, inú ẹ̀ tiẹ̀ dùn! Ó rò ó pé ká ní wọ́n ti fi san nínú gbèsè yẹn ni, ọjọ́ tóun máa bọ́ ì bá ti sún mọ́lé, ó tún ní bí bàbá ṣe ṣe é náà ló dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ábújá àti l'Ékòó tẹ́ ẹ ń fowó ránṣẹ́ sílé, mi ò dá sí i o.

Ẹ má fo owó orí tábìlì. Nígbà tó kọ́kọ́ ń rówó, ó máa ń kó o lé tábìlì, ẹnu á ya gbogbo wọn, inú wọn á dùn, nígbà tó yá ó mọ́ wọn lára, wọ́n ń gbà á wọ́n ń dúpẹ́ ni, ọ̀yàyà yẹn ò sí mọ́.

Ápù tí bàbá sọ lù ú ni olúkálukú ń kọ nípa ẹ̀. Ó dáa, àmọ́ ẹ wo aṣọ tó wà lọ́rùn bàbá lọ́jọ́ yẹn: yunifọ́ọ̀mù báǹkì, bọ́tìnnì wúrà. Arúgbó tí ìrìn ń nira fún tẹ́lẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ o! Ìyá ń ránṣọ, Grete, àbúrò Gregor obìnrin, ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ayálégbé mẹ́ta wọlé. Ẹ kàn kọ wọ́n sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ìparí ló kù. Gregor ti kú, àwọn mẹ́ta tó kù nínú ẹbí ẹ̀ wọkọ̀ lọ gba atẹ́gùn, wọ́n ṣírò iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ó dáa. Bàbá àti ìyá wá wo Grete, ó ti dàgbà, ó ti rẹwà, wọ́n rò ó lọ́kàn pé ó tó àkókò láti wá ọkọ gidi fún un. Ẹ kọ orúkọ Grete sí ọwọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ fi àmì ìbéèrè sí i níwájú.