Bí mo ṣe ń kó ẹgbẹ́ lọ gun òkè Olúmirìn láti Òṣogbo

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà ní Òkè-Fìà níbí. Lọ́dọọdún, tí ọdún Ọ̀ṣun bá ti kọjá nínú oṣù kẹjọ, tí a ti rán aṣọ ọdún tán tí ara wa sì ti balẹ̀, mo máa ń kó àwọn ọmọṣẹ́ mi àti díẹ̀ nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. A máa ń lọ gun òkè tí omi Olúmirìn ń já bọ́ láti orí rẹ̀, a ó sì jẹun pọ̀ níbẹ̀ kí a tó padà wálé. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti ń bi mí bí mo ṣe ń ṣètò rẹ̀, ni mo bá ní kí n jókòó kọ ọ́.

Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, torí òun ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí a ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ báyìí, àwọn ọmọdé ti sáré lọ síwájú bí ewúrẹ́ tó rí ọ̀nà oko. Ọ̀dọ̀ wọn ni àpò omi wà. Ìyá kan nínú wa, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, ló ku sẹ́yìn. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, ó jókòó sórí òkúta, kò sí omi lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni lára wa tó mọ̀ pé kò sí láàárín wa. Wákàtí kan gbáko kó tó di pé mo béèrè pé, "Màmá dà?" Nígbà tí mo padà débẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mi ò gbàgbé ojú yẹn.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó lọ́ra jù lọ ló máa ń ṣíwájú wa. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀. Ibi tó bá dúró sí, ibẹ̀ ni gbogbo wa ó dúró. Ẹni tí ara rẹ̀ le jù lọ ni mo máa ń fi sẹ́yìn pátápátá, òun ló sì ń gbé àpò omi. Àwọn ọmọdé á kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí i pé Màmá ló ń darí orin, wọ́n á dákẹ́. Orin yẹn náà wúlò o. Ẹni tó bá ń gun òkè tó ṣì lè gbe orin, èémí rẹ̀ ń lọ dáadáa. Tí kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó mí, ẹ jẹ́ kó jókòó. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀ bó ṣe máa ń lò ó, kó má sì dákẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí òòyì.

Ní ti àsìkò, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù. Òjò ti rọlẹ̀ nígbà náà, omi sì ṣì pọ̀ lórí òkè, ẹ ó máa gbọ́ híhó rẹ̀ kí ẹ tó fojú kàn án. Tí ẹ bá lọ nínú oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, omi náà lẹ́wà, àmọ́ ó lágbára, àpáta á sì máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Tí ẹ bá dúró di oṣù kejì tàbí ìkẹta, omi á ti tín-ín-rín. Lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, aṣọ Kérésì ti dé, télọ̀ kankan ò sì ráyè mọ́. Ẹ lọ ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Èrò máa ń pọ̀ jù lọ́jọ́ ọdún, àkàbà tí a fi ń gòkè á kún dí.

Bọ́ọ̀sì elérò-méjìdínlógún la máa ń háyà. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ni wá lọ́dún tó kọjá, dẹ́rẹ́bà ló pé e. Ẹ má gbé kórópe lọ, ọ̀nà náà lókè, yóò sì fi ìyà jẹ yín. Kí ẹ tó san owó, ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà pé yóò dúró dè yín láti àárọ̀ títí ẹ ó fi ṣe tán, kí ẹ sì jọ wo taya, bíréèkì àti sìpíà taya pa pọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú. Aago mẹ́fà àbọ̀ ni a ń ṣí láti Òṣogbo. A ó gba Iléṣà, a ó wá bọ́ sí ọ̀nà Àkúrẹ́. Ní Ìwáràjà, ẹ ṣọ́ra: ọ̀nà pín síbẹ̀, ọ̀kan ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè àti Adó-Èkìtì. Ọ̀nà Àkúrẹ́ ni kí ẹ dì mú. Kí ẹ tó dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà. Tí ọ̀nà bá dára, ẹ ó ti débẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, oòrùn ò sì tíì le.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo san owó ìwọlé fún gbogbo ẹgbẹ́, kó sì gba rìsíìtì. Ẹ gba afinimọ̀nà kan láàárín àwọn ọmọ ìlú náà. Ó mọ òkúta tó dúró gbọn-in àti èyí tó ń mì, ó sì mọ̀ bóyá òjò ti rọ̀ lókè ní òru.

Ọ̀rọ̀ aṣọ wá kàn báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ti èmi télọ̀. Ìró kì í ṣe aṣọ tí a fi ń gun òkè. Ẹsẹ̀ á kọ́ ọ, ẹ ó sì ṣubú. Jíǹsì náà ò dára: tí omi bá bà á, á wúwo bí àpò iyanrìn, kò sì ní gbẹ títí ẹ ó fi délé. Ṣòkòtò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń yá gbẹ ni mo máa ń rán fún àwọn ọmọṣẹ́ mi. Mo máa ń fi rọ́bà sí ìdí rẹ̀ àti sí ọrùn ẹsẹ̀, mo sì máa ń fi àlàfo sílẹ̀ níbi orúnkún, torí pé ibẹ̀ máa ń fún èèyàn tó bá gbé ẹsẹ̀ ga. Àwọn tó ń lo híjáábù lè wọ èyí tí kò gùn kọjá ìbàdí, kí wọ́n sì wọ ẹ̀wù tó gùn dé orúnkún sínú rẹ̀. Ó bo ara, kò sì dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ní ti bàtà, kanfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín ni kí ẹ wọ̀. Ẹ fi sílípáàsì sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ máa ń fẹ́ aṣọ ẹgbẹ́ dandan, mo sì mọ̀ pé ó dùn nínú fọ́tò. Ohun tí mo ṣe nìyí: mo ra ọ̀pá kan nínú ànkárá tó pọ́n rokoṣo, mo gé e sí wẹ́wẹ́, mo ká etí rẹ̀, mo sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọwọ́ òsì olúkúlùkù. Láàárín ewé àti òkúta, ẹ ó rí pupa yẹn láti òkèèrè. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ìpele méje ni omi náà ní. Ìpele kìíní ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dé, kò sì sí ìtìjú nínú kí ẹ dúró síbẹ̀. Omi ń já wá látòkè, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ ìrì rẹ̀ sí yín lójú, àwọn tó bá rẹ̀ lè jókòó sórí àpáta. Láti ibẹ̀ lọ sí ìkejì ni òkè ti dúró ṣánṣán. Ẹ ó máa fi ọwọ́ di gbòǹgbò àti òkúta mú. Ìdajì ẹgbẹ́ wa máa ń dúró ní ìpele kìíní, ìdajì á lọ sí ìkejì pẹ̀lú afinimọ̀nà, lábẹ́ òfin kan náà pé ẹni tó lọ́ra jù ló ń ṣíwájú. Orí òkè pátápátá ni abúlé Abákẹ́ wà, ní ilẹ̀ Èkìtì. Ìrìn tó le nìyẹn, kì í ṣe ìrìn ẹgbẹ́ tó gbé kúlà lọ́wọ́. Ẹ má dúró sábẹ́ ibi tí omi ti ń já gan-an, torí òkúta lè bá omi wá. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fara balẹ̀ ju ìgbà tí ẹ ń gòkè lọ, àsìkò náà ni orúnkún ń jìyà jù.

Àwọn ará ìlú máa ń sọ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Akinlà, ọmọ ọmọ Odùduwà, ló ṣàwárí omi náà nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí wọn ó tẹ̀dó sí. Ìtàn yẹn máa ń dùn mọ́ wa, àwa obìnrin tó gun òkè dé ibi tó dé. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún omi náà gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe nílé. Ọmọ Òṣogbo mọ̀ pé a kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun, a mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí àjọ àgbáyé UNESCO tó fi orúkọ igbó náà sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Torí náà ẹ má fi ọṣẹ wẹ̀ níbẹ̀, ẹ má sì kọ orúkọ sára àpáta. Tí wọ́n bá ní kí ẹ má dé ibì kan, ẹ má débẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má jẹun yó kí ẹ tó gun òkè. Ẹ̀kọ àti àkàrà díẹ̀ láàárọ̀ ti tó. Ohun tí a ń gbé gòkè ni ẹ̀pà, ọsàn, àti dòdò Ìkirè, èyí tí kì í tètè bàjẹ́ tó sì ń fún èèyàn lágbára. Lítà omi kan àtààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe fún ẹgbẹ́. Ẹ má mu omi inú odò. Oúnjẹ gidi wà nísàlẹ̀, nínú ọkọ̀, fún ìgbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú la se ìrẹsì, a jẹ́ kó tutù kí a tó dì í, ó sì ti kan kí a tó ṣí i. Báyìí, aago mẹ́rin ìdájí la ń sè é, gbígbóná fẹlifẹli la ń dà á sínú kúlà tí a ti fi omi gbígbóná ṣan, a kì í sì í ṣí i títí a ó fi jẹun. Mọ́ínmọ́ín eléwé náà á wọ kúlà tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí oúnjẹ bá ti tutù ju wákàtí kan lọ nínú oòrùn, ẹ dà á nù, kódà tí ẹran wà nínú rẹ̀. Tí ẹ ò bá fẹ́ wàhálà sísè rárá, ẹ padà sí Iléṣà kí ẹ jẹ iyán. Ọwọ́ Ìjẹ̀ṣà mọ iyán gún.

Ẹ gbé àpò ìrẹsì òfìfo kan dání fún ọ̀rá omi, èèpo ọsàn àti ewé. Ọmọṣẹ́ tó kéré jù ni mo máa ń fi ṣe alábòójútó rẹ̀, inú rẹ̀ sì máa ń dùn láti pàṣẹ fún àwọn àgbà.

Aago mẹ́ta la ń kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ má baà ṣú wa lójú ọ̀nà. Mo máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì. Bí olúkúlùkù bá ti ń wọlé, yóò tú ànkárá ọwọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, èmi ó sì máa kà á sókè. Lọ́dún tó kọjá, mo kà á dé mẹ́rìndínlógún, mo dúró, mo tún un kà. Ẹnì kan ṣì wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. A dúró dè é. Nígbà tí mo di ìkẹtàdínlógún mú lọ́wọ́ ni mo tó sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó ṣáná.